Mo fẹ́ já sìgá sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú yìí: ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Káfíńtà Ilódè (Ilé-Ifẹ̀), Ọjọ́rú, aago 9 alẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú alẹ́ o. Àwọn tó ti fa sìgá rí tí wọ́n sì ti já a sílẹ̀ ni mo fẹ́ kó bá mi sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Ilódè níbí. Ó di ọdún 17 tí mo ti ń fa sìgá. Ẹyọ 12 ni lóòjọ́, bí iṣẹ́ bá sì pọ̀, ó lè di 15.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi gbé kọ́bọ́ọ̀dù lọ fún oníbàárà kan ní Parakín. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé. A ò tíì dé àárín àtẹ̀gùn tí èémí mi fi tán. Mo ní ká sọ ọ́ kalẹ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, àyà mi ń lù kìkìkì, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu mi. Ọmọ iṣẹ́ mi, ọmọ ọdún 19, ló sáré pe ẹnì kan nísàlẹ̀ kó wá bá òun di apá tèmi mú. Ẹni ọdún 39 ni mí. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi kọjá lójú mi. Mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi.

Mo ti pinnu. Alẹ́ Àbámẹ́ta ni màá fa èyí tó gbẹ̀yìn, torí a kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Èkíní, ọjọ́ méjì péré. Èkejì, ọjọ́ 11, iṣẹ́ alẹ́ kan ló sì dá mi padà.

Àárọ̀ ló ń ṣẹ́gun mi. Kí n tó fọ ẹnu ni mo ti ń wá ìṣáná. Báwo lẹ ṣe borí àárọ̀?

Awakọ̀ Iléṣà, Ọjọ́rú, aago 10 alẹ́

Káfíńtà, ẹ kú ìpinnu. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni tèmi tó dúró, ó sì ti pé ọdún mẹ́rin báyìí. Torí náà, ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ ti gbìyànjú kì í ṣe ìtìjú. Ẹ ti mọ ibi tó ti ń mú yín, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ọ́n.

Ohun tó gbà mí rèé. Ẹ mú ìwé kékeré kan. Láti àárọ̀ ọ̀la títí di Àbámẹ́ta, kí ẹ tó tanná sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ aago, ẹ kọ ibi tí ẹ wà, ẹ kọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ má dín in kù, ẹ ṣáà kọ ọ́. Nígbà tí mo kọ tèmi, ẹyọ 14 ni lọ́jọ́ náà, mo sì rí i pé bíi mẹ́rin péré ni òùngbẹ rẹ̀ gbẹ mí ní tòótọ́. Ìyókù, ibi tí mo dúró sí ló fún mi. Bí ọkọ̀ bá ń gba èrò ní gáréèjì, mo ti lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kíósì àbókí níbi tí wọ́n fi okùn so láítà kọ́. Bí mo bá ti jẹun tán, ọwọ́ mi ti wà lápò.

Nítorí náà, ẹsẹ̀ mi ni mo kọ́kọ́ mú kúrò níbẹ̀. Mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíósì yẹn, mo lọ ń dúró lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rò pé mo ń bá wọn jà. Mo ṣàlàyé fún wọn. Méjì nínú wọn ń wá bá mi jókòó lọ́dọ̀ ìyá náà láìmú sìgá dání, Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn.

Bí òùngbẹ rẹ̀ bá dé, ẹ wo aago. Mo fi aago wò ó títí ó fi yé mi: kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lọ. Ẹ̀yin ẹ rò pé kò ní lọ láéláé tí ẹ ò bá fún un, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Bó bá mú mi ní Òṣú, màá ní ó di Ifẹ̀. Kí n tó dé Ifẹ̀ ó ti lọ, ó tún lè dé ní Gbọ̀ngán, màá ní ó di Ìkirè. Ní Ìkirè, dòdò Ìkirè ni mò ń rà, èyí tó ta dáadáa, òun ni mò ń jẹ títí dé Ìbàdàn. Ẹnu tí ata ń ta kò ráyè sìgá.

Ohun kan tó kù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú kéré rẹ̀: ọtí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo padà sídìí sìgá, páragà ló wà lọ́wọ́ kejì. Bí ẹ bá ń mu ún, ẹ yẹra fún un fún oṣù àkọ́kọ́, ó kéré tán.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀ṣà, Ọjọ́bọ̀, aago 6 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Iléṣà. Káfíńtà, mo ka ọ̀rọ̀ yín lóru nídìí iṣẹ́, mo ní kí n má lọ sílé láìdáhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bá yín jà, torí ọ̀rọ̀ àárọ̀ yẹn ní ìdí.

Nikotíìnì inú tábà ló ń so èèyàn mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fa èéfín wọlé, kò tó ogún ìṣẹ́jú àáyá tó ti dé ọpọlọ. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí méjì, ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ọwọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn. Tí ẹ bá wá sùn wákàtí méje, nikotíìnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹ̀jẹ̀ yín kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń wá ìṣáná kí ẹ tó fọ ẹnu. Kì í ṣe pé ọkàn yín kò lágbára.

Bí ẹ bá pa èyí tó gbẹ̀yìn ní aago 9 alẹ́ Àbámẹ́ta, kó tó tó ìdajì wákàtí, ìlù ọkàn yín á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Kó tó di aago 9 àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì inú ẹ̀jẹ̀ yín á ti wálẹ̀ sí ibi tó yẹ kó wà. Ẹ mọ afẹ́fẹ́ yẹn. Òun ló ń jáde lára jẹnẹrétọ̀, tó ń pa gbogbo ìdílé mójú oorun bí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé. Òun náà wà nínú èéfín sìgá. Àyè tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ fi gbé afẹ́fẹ́ rere ló máa ń gbà, ó sì wà lára ohun tó mú yín jókòó sórí àtẹ̀gùn ní Parakín.

Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló máa ń le jù. Inú á máa bí yín láìnídìí, oorun lè má wá, oúnjẹ á máa wù yín ṣáá. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, á ti rọlẹ̀. Ikọ́ náà lè pọ̀ sí i níbẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà yín. Irun wẹ́wẹ́ kan wà nínú ọ̀nà èémí tó ń gbá ìdọ̀tí jáde bí ìgbálẹ̀. Èéfín ti mú wọn kú tipiri. Bí wọ́n bá jí, iṣẹ́ tó ti ń dúró dè wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ikọ́ bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí ara ń rù, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní TB. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tètè ń mú ẹni tó ń fa sìgá ju ẹni tí kò fà lọ. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fa ju mẹ́wàá lọ lóòjọ́, kò di dandan kí ẹ fi agbára nìkan jà á. Oògùn wà. Láti 2009 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ka ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì àti pílásítà nikotíìnì mọ́ àwọn oògùn tí kò yẹ kó wọ́n níbikíbi. Wọ́n ń fún ara ní nikotíìnì díẹ̀ láìsí èéfín, kó lè rọra gbàgbé rẹ̀.

Ṣingọ́ọ̀mù yẹn, a kì í jẹ ẹ́ bíi ti àwọn ọmọdé. Ẹ rọra jẹ ẹ́ títí á fi máa ta yín lẹ́nu bí ata, kí ẹ wá tì í sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti erìgì, kó dúró síbẹ̀. Bí títa náà bá lọ, ẹ tún jẹ ẹ́ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má mu ọsàn, kófí tàbí ẹlẹ́rìndòdò ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú rẹ̀, oògùn náà ò ní wọ ara dáadáa. Ẹni tó bá ń fa sìgá kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé lẹ́yìn tó jí, bíi tiyín, 4 mg ló bá a mu. Ẹni tó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, 2 mg.

Pílásítà ńkọ́? Àárọ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè apá tàbí àyà níbi tí irun kò sí, wọ́n sì ń pààrọ̀ ojú ibẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń fa ju mẹ́wàá lọ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 21 mg fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 14 mg fún ọ̀sẹ̀ méjì, 7 mg fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá ń fún yín lálàá burúkú, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó sùn. Ẹni tó lo pílásítà tó sì ń fi ṣingọ́ọ̀mù pa òùngbẹ òjijì máa ń ṣe dáadáa ju ẹni tó lo ọ̀kan ṣoṣo.

Kì í ṣe gbogbo kẹ́místì ló ń tà wọ́n, ẹ fóònù kí ẹ tó wọkọ̀. Ẹ sì lè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá OAUTHC ní Ifẹ̀, tàbí Wesley Guild ní Iléṣà tó jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tó ń wá lójoojúmọ́, ẹ sọ fún dókítà gbangba pé sìgá ni ẹ fẹ́ fi sílẹ̀. Ẹ má dọ́gbọ́n sọ ikọ́ tàbí àyà dídùn nìkan. Oògùn oníhóró wà pẹ̀lú, bupropion àti varenicline, ìwé dókítà ni wọ́n fi ń rà wọ́n. Ẹni tó ní wárápá kò gbọ́dọ̀ lo bupropion rárá. Aboyún àti ẹni tí àìsàn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó fọwọ́ kan èyíkéyìí.

Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, Ọjọ́bọ̀, aago 1 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo dín in kù ní tèmi. Mo wà lórí 20, mo sọ̀ ọ́ di 10, mo sọ ọ́ di márùn-ún. Láti ọdún tó kọjá, ẹyọ kan péré ni, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Mo rò pé ìyẹn ti tó, kò sì fún mi ní wàhálà kankan.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀ṣà, Ọjọ́bọ̀, aago 4 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú akitiyan. Láti 20 sí ẹyọ kan, iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe, mi ò ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́ lórí ẹyọ kan yẹn, torí ọkàn yín ni mo ń rò.

A máa ń rò pé ewu ẹyọ kan jẹ́ ìdá kan nínú ogún ewu ẹyọ 20. Bí ti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró bá tilẹ̀ ń rìn bẹ́ẹ̀, ti ọkàn kì í rìn bẹ́ẹ̀. Ní 2018 àwọn olùwádìí kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n rí i pé ẹni tó ń fa ẹyọ kan lóòjọ́ ṣì gbé nǹkan bí ìdajì nínú ewu àìsàn ọkàn tí ẹni tó ń fa ẹyọ 20 gbé sọ́rùn. Ẹ ti gun òkè náà dé ibi tó kù díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́lé síbẹ̀.

Lórí ká dín in kù tàbí ká já a lẹ́ẹ̀kan: ìwádìí kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2016 tó fi méjèèjì wéra, wọ́n sì fún gbogbo wọn ní oògùn nikotíìnì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nínú ọgọ́rùn-ún tó já a lẹ́ẹ̀kan náà, 49 ni kò tíì padà. Nínú ọgọ́rùn-ún tó dín in kù díẹ̀díẹ̀, 39 ni. Nítorí náà mo fara mọ́ ọjọ́ Àìkú tí Káfíńtà mú.

Tíṣà Àgbà (Iléṣà), Ọjọ́bọ̀, aago 8 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń ka gbogbo yín. Bàọ́lọ́jì ni mo fi ń kọ́ni kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni ọdún 61 ni mí nígbà tí mo já sìgá sílẹ̀, mo ti di 74 báyìí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa ọkùnrin kì í sọ síta, kò sì yẹ ká fi pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé bí a kò bá mú sìgá wọ ilé ìyàgbẹ́, ìgbẹ́ kì í jáde. Èmi gbà pé ara mi ni wọ́n dá bẹ́ẹ̀. Nikotíìnì ló ń lé ìfun ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá já a sílẹ̀, ìfun á ya ọ̀lẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, inú á kún, èèyàn á sì ní sìgá yìí ló dáa fún òun. Ibi tí mo ti padà lẹ́ẹ̀kan rí gan-an nìyẹn. Lẹ́ẹ̀kejì, mo múra sílẹ̀. Ìbẹ́pẹ láàárọ̀, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tó pọ̀ lórí iyán, omi kọ́ọ̀pù méjì kí n tó jẹ ohunkóhun. Mo ń rìn láti ilé dé Ọjà Àtàkúnmọ̀sà kí oòrùn tó le. Kò pé oṣù kan tí inú fi mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni obì. Ìjẹ̀ṣà ni mí, ọmọ onílé obì, obì ò ṣàì sí nílé wa. Ṣe ni mo sọ obì di àrọ́pò sìgá, ọwọ́ ò kúrò lẹ́nu láti àárọ̀ dalẹ́. Oorun sá lọ. Àyà mi ń já. Mo rò pé àìsí sìgá ló fà á, àṣé káfíìnì inú obì ni. Èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lo káfíìnì tán. Bí èéfín bá dáwọ́ dúró, obì tàbí kófí kan náà á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ dín obì àti kófí kù sí ìdajì, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́yìn ọ̀sán.

Bí àwọn kan bá ní ó ti pẹ́ jù: dókítà kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Doll. Láti 1951 ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tọ ipasẹ̀ àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n ṣe é fún 50 ọdún, èsì jáde ní 2004. Àwọn ọkùnrin tó fa sìgá títí dópin fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú àwọn tí kò fà á kú. Ẹni tó já a sílẹ̀ ní 60 gba ọdún mẹ́ta padà níbẹ̀. Ní 50, mẹ́fà. Ní 40, mẹ́sàn-án. Káfíńtà, 39 lẹ sọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ìwọ̀nba ọdún mẹ́ta tèmi, mo ti fi rí ọmọ ọmọ méjì.

Ìyá Ìbejì Mòòrè, Ẹtì, aago 7 àárọ̀

Bùrọ̀dá Káfíńtà, ẹ sọ fún ìyàwó yín lálẹ́ òní. Ẹ jọ̀ọ́.

Ọkọ mi fi pamọ́ fún mi fún ọdún márùn-ún. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń fà á, á wá fi súwíìtì mẹ́ńtà sẹ́nu kó tó wọlé. Mo mọ̀. Aṣọ ń sọ, ìrọ̀rí ń sọ. Mo máa ń pariwo, màá mẹ́nu kan owó, màá mẹ́nu kan ìyá rẹ̀. Ariwo mi ò mú ẹyọ kan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ló ń lé e lọ. Lọ́jọ́ tó fúnra rẹ̀ jókòó tó ní, "Mo fẹ́ fi sílẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é," gbogbo ìbínú mi tú ká. A jọ fọ gbogbo kọ́tìnì ilé. A kó àwo eérú dànù. Taiwo ní ikọ́ fée, a ò mọ̀ pé èéfín ara aṣọ wà lára ohun tó ń gbé e dìde lóru.

Ẹ sọ fún un ṣáájú pé ọjọ́ kejì àti ìkẹta, ẹ lè máa kanra. Bí obìnrin bá mọ̀ pé sìgá ló ń sọ̀rọ̀, á lè mú un mọ́ra. Bí kò bá mọ̀, á rò pé òun ló ṣẹ̀ yín.

Oníṣọ́ọ̀bù Lágere, Ẹtì, aago 12 ọ̀sán

Láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ti tà á rí. Òfin ọdún 2015 lórí tábà ní Nàìjíríà kò fàyè gba títa sìgá lẹ́yọ. Páálí tó ní ó kéré tán 20 nínú ló yẹ kéèyàn tà, a kò sì gbọ́dọ̀ tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Gbogbo wa la mọ bó ṣe rí ní títì. Èmi náà ń tà á lẹ́yọ láìmọ òfin, títí ẹnì kan fi kà á fún mi. Mo ti pa á tì. Owó tó ń wọlé dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iléèwé ò dúró níwájú mi mọ́.

Ohun tí mo rí nídìí ọjà yẹn ni pé ẹni tó fẹ́ já a sílẹ̀ á ra ẹyọ kan, á ní kan ṣoṣo náà ni. Ká ní odindi páálí ni yóò rà, á ronú lẹ́ẹ̀mejì. Káfíńtà, ẹ lọ bá àbókí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín fúnra yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó má tà á fún yín mọ́, bí ẹ tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ OAU, Ẹtì, aago 5 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi ṣíṣà, ìyẹn tábà tí wọ́n ń fa èéfín rẹ̀ gba inú omi, rọ́pò sìgá, pé omi ló ń sẹ́ ẹ. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀ṣà, Ẹtì, aago 6 ìrọ̀lẹ́

Rárá, àbúrò mi. Omi ò sẹ́ nǹkan kan tó ṣe gúnmọ́ kúrò. Ẹni tó bá jókòó tì í fún wákàtí kan lè fà á tó ìgbà 200, sìgá kan ò ju nǹkan bí ogún lọ. Èédú tó ń jó lórí rẹ̀ tún ń tú afẹ́fẹ́ jẹnẹrétọ̀ yẹn sílẹ̀. Nikotíìnì kan náà ló wà níbẹ̀. Bí ìdánwò bá ń lé yín lọ sídìí rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi lábẹ́ níbí, ká jọ wá ọ̀nà mìíràn.

Káfíńtà Ilódè, Àbámẹ́ta, aago 9 alẹ́

Mo ti pa á. Mo sọ fún ìyàwó mi lánàá. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní òun ti ń gbọ́ èémí mi lóru láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Mo kọ ìwé yẹn fún ọjọ́ méjì. Ẹyọ 13 ni lóòjọ́, márùn-ún níbẹ̀ jẹ́ ìgbà tí mo ń dúró kí àtè gbẹ lára igi. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ rárá. Mo rí ṣingọ́ọ̀mù 4 mg rà, mi ò rí pílásítà.

Mo lọ bá àbókí. Ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́," ó fún mi ní súwíìtì mẹ́ńtà mẹ́ta, kò gba owó.

₦100 ni wọ́n ń ta ẹyọ kan níbí. Ẹyọ 12 jẹ́ ₦1,200 lóòjọ́, ₦438,000 lọ́dún. Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sọ pé mi ò lówó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá pákó. Mo kan kóló kan lónìí, ojú rẹ̀ ò ṣeé ṣí àfi tí wọ́n bá fọ́ ọ. Màá máa yọ owó ṣingọ́ọ̀mù, ìyókù á wọ ibẹ̀.

Káfíńtà Ilódè, Ìṣẹ́gun, aago 2 ọ̀sán

Ọjọ́ kẹta. Nọ́ọ̀sì, ẹ ò parọ́. Ọ̀fun mi ń dá tòlótòló láti àárọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi fi íǹṣì kan gé pákó kúrú, mo sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni tó jí owó mi. Kì í ṣe ohun tó tó bẹ́ẹ̀. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo ń rìn lọ sí Ẹnuwá láìní nǹkan tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Awakọ̀ Iléṣà, Ìṣẹ́gun, aago 2 kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá

Ẹ máa rìn. Bí ẹ bá dé Ẹnuwá, ẹ wo aago, ẹ padà. Tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ yẹn, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Òun ló pe èèyàn sí yín lórí àtẹ̀gùn. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ó wà nínú ìjà yìí pẹ̀lú yín.

Káfíńtà Ilódè, Ìṣẹ́gun, aago 8 alẹ́

Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní tí àtè bá ń gbẹ, òun á máa fún mi ní pákó tí màá fi sáǹdípépà ra. Ọwọ́ mi ò ní ṣófo.

Káfíńtà Ilódè, Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo fà á lónìí. Ìkómọ ní Òkèrèwè, wọ́n fún mi ní bíà, ọ̀rẹ́ mi kan tanná sí sìgá, ó nà án sí mi. Mo fa ìdajì kí n tó jù ú sílẹ̀. Orí mi ń yí. Ó dùn mí gan-an, mo dẹ̀ rò pé kí n má tilẹ̀ wá sọ ọ́ níbí.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀ṣà, Àbámẹ́ta, aago 9 alẹ́

Mo dúpẹ́ pé ẹ wá sọ ọ́. Ọjọ́ 13 lẹ fi wà láìfà á, ìdajì ẹyọ kan ò lè kó gbogbo ẹ̀ lọ. Ohun tó lewu ni kí ẹ ní ó ti bàjẹ́ ná, kí ẹ wá ra òmíràn. Ẹ fi ṣingọ́ọ̀mù sẹ́nu nísinsìnyí, ẹ lọ sùn. Tó bá di ọ̀la, ẹ máa bá a lọ bí ẹni pé òní ò sí.

Awakọ̀ Iléṣà, Àbámẹ́ta, aago 10 alẹ́

Bíà ni, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá tún lọ sí òde, ẹ mú ìgò omi dání láti ilé. Ẹni tí ohun mímu ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kì í fún un ní òmíràn.

Tíṣà Àgbà, Àìkú, aago 6 àárọ̀

Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ ti wò ó, ẹ ti rí bíà àti ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀. Ẹ lọ bá ọ̀rẹ́ náà, ẹ sọ fún un. Kò mọ̀ ni.

Káfíńtà Ilódè, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò tíì fà á láti ọjọ́ ìkómọ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi náà bẹ̀ mí, ó sì ní òun fẹ́ ka gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí, mo ti fi ránṣẹ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá iná lọ nígbà tí a ń to pákó. Mo wà nínú òkùnkùn, mo ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ èyí tó jẹ́ ọ̀gànwó nínú wọn, mo mọ èyí tó jẹ́ ìrókò, láìrí wọn. Òórùn wọn ni mo fi mọ̀ wọ́n. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń rò pé ó ń ṣe àfihàn ni. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi, mo ní kóun náà gbóòórùn rẹ̀.

Mo ti sanra díẹ̀, ṣòkòtò ń fún mi. A gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Mayfair lọ́jọ́ Ẹtì. Mo sinmi lẹ́ẹ̀kan, mi ò jókòó.

Nọ́ọ̀sì, ṣingọ́ọ̀mù mẹ́fà ló kù. Mẹ́rin ni mò ń lò lóòjọ́ báyìí. Ṣé kí n ra sí i, àbí kí n jẹ́ kó tán?

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀ṣà, ọjọ́ kan náà, aago 9 alẹ́

Ẹ rà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ó tó ọ̀sẹ̀ méjìlá, ẹ má kánjú. Ẹ béèrè 2 mg lọ́tẹ̀ yìí, ẹ máa lo mẹ́ta lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sọ ọ́ di méjì. Ẹ fi ọ̀kan sápò nígbà gbogbo tí ẹ bá ń lọ sí òde. Bí kẹ́místì yẹn ò bá ní 2 mg, ẹ kọ̀wé sí mi níbí, mo máa bá yín béèrè ní Iléṣà.